Bertha Benz: Obìnrin tó tún mọ́tò ṣe lójú ọ̀nà kí ayé tó ní mẹkáníìkì

Kò sí ọmọ Yorùbá tó ti gbọ́njú tí kò mọ orúkọ tó ń jẹ́ Bẹ́ńsì. Láyé ọjọ́sí, bí wọ́n bá fẹ́ fi yé ara wọn pé owó ti dé ọwọ́ ẹnì kan, wọn a ní onítọ̀hún ti ra Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ènìyàn léèrè pé ta ni Benz tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ yìí, àwọn tó bá mọ̀ nínú wọn yóò dárúkọ Karl Benz, ọkùnrin ará Jámánì tí ayé gbà pé ó ṣe mọ́tò àkọ́kọ́ tó ń lo epo. Ìdáhùn náà kò burú, àmọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Obìnrin kan wà pẹ̀lú ọkùnrin náà tó jẹ́ pé owó rẹ̀ ni wọ́n fi gba ṣọ́ọ̀bù wọn sílẹ̀, òun gan-an ló sì kọ́kọ́ gbé mọ́tò kúrò ní ìgboro lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ojú ọ̀nà yẹn ni mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọnu, òun náà ló sì ń wá ojútùú sí i lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Bertha Benz ni orúkọ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró sẹ́bàá títì rí, tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, tí èéfín ń rú bọ̀, tí kò sì mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀, ìtàn obìnrin yìí kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ló kan ẹni tó ti gbé mọ́tò lọ sí ilé iṣẹ́ tó tà á fún un, tí wọ́n gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, tí mọ́tò náà tún ń ṣe ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1849 ni wọ́n bí Bertha sí ìlú Pforzheim, ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Jámánì lónìí. Ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn fún iṣẹ́ wúrà àti ohun ọ̀ṣọ́ ni, abẹ́ ìjọba Baden ló sì wà, nítorí pé àwọn ìlú ilẹ̀ Jámánì kò tíì para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan nígbà náà. Bertha Ringer ni wọ́n ń pè é nílé bàbá rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó tún ń kọ́lé ni bàbá náà, ó rí jẹ, ó rí mu, ọmọ mẹ́sàn-án ni ìyàwó rẹ̀ sì bí fún un. Nígbà èwe Bertha, àwọn yunifásítì Baden kì í gba obìnrin. Ó di ọdún 1900 kí wọ́n tó ṣí ìlẹ̀kùn wọn fún wọn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí i lọ́wọ́ láti lóye bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Lóṣù kẹfà ọdún 1869, nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde lọ sóde ìgbafẹ́ sí ìlú Maulbronn. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Karl Benz. Bàbá Karl ti wa ọkọ̀ ojú irin jẹun kó tó kú nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì, ìyá rẹ̀ ló sì forí ṣe fọrùn ṣe tó fi rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Karlsruhe. Karl kò lówó lọ́wọ́. Ohun tó ní kò ju ọgbọ́n orí rẹ̀ àti àlá kan lọ, pé òun yóò ṣe ọkọ̀ tí yóò máa rìn láìsí ẹṣin níwájú rẹ̀. Àlá yìí ni Bertha fẹ́ pẹ̀lú ọkùnrin náà.

Lọ́dún 1871, Karl àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ August Ritter dá ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ irin sílẹ̀ ní ìlú Mannheim. Àjọṣe wọn kò gún rárá, ó sì ku díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ forí ṣánpọ́n. Nílẹ̀ tiwa, ọkọ ló ń san owó orí ìyàwó. Lọ́dọ̀ tiwọn nígbà náà, bàbá ìyàwó ló ń kó owó fún ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ. Bertha kò dúró de ọjọ́ ìgbéyàwó kó tó gba owó tirẹ̀. Ó ní kí bàbá rẹ̀ kó o fún òun ṣáájú, owó náà ni wọ́n sì fi san Ritter kúrò nínú iṣẹ́. Ọjọ́ ogún oṣù keje ọdún 1872 ni wọ́n wá ṣe ìgbéyàwó. Bí Bertha kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí a má gbọ́ orúkọ Benz rárá.

Ìyà kò tíì tán nílẹ̀ o. Ọjà kò yá, gbèsè ń gorí gbèsè, nígbà tó sì di ọdún 1877, àwọn agbófinró wá fi gbèsè kó irinṣẹ́ wọn lọ. Àwọn ọmọ ti ń pọ̀ nínú ilé nígbà náà. Síbẹ̀ tọkọtaya náà kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1879, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àwọn méjèèjì tún padà sí ṣọ́ọ̀bù láti lọ gbìyànjú ẹ́ńjìnì tí Karl ti ń bá fà á láti ọjọ́ pípẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ́ńjìnì dáhùn, tó sì ń dún lọ láìdúró. Ẹ́ńjìnì yìí ló fún wọn ní ìrètí, nígbà tó sì di 1883, Karl àti àwọn oníṣòwò méjì dá ilé iṣẹ́ Benz & Cie. sílẹ̀ ní Mannheim.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 1886 ni Karl lọ gba ìwé àṣẹ tó fi hàn pé òun ló ni iṣẹ́ ọpọlọ náà, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń lo epo. Orúkọ Karl nìkan ló wà lórí ìwé náà. Ọkọ̀ ọ̀hún kò jọ mọ́tò tí à ń wò lónìí. Ẹsẹ̀ kan ló wà níwájú, méjì wà lẹ́yìn. Ọ̀pá kékeré kan ni awakọ̀ ń fi darí rẹ̀. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó, kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan ni wọ́n sì máa ń fi ọwọ́ yí kí ó tó jí.

Mọ́tò ti délẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó ń rà á. Àwọn tó rí i nígboro ń bẹ̀rù rẹ̀, àwọn mìíràn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí oníbàárà ń rò kò ṣòro láti mọ̀: bí nǹkan yìí bá gbé mi dé ìdajì ọ̀nà, tó wá dákú, ta ni yóò tún un ṣe? Ẹṣin tó bá rẹ̀, ènìyàn lè fún un ní omi àti koríko. Irin tó bá kú sójú ọ̀nà ńkọ́? Karl ní tirẹ̀ kò yé tún mọ́tò náà ṣe, kò sì fẹ́ gbé e jìnnà sílé títí yóò fi tẹ́ òun lọ́rùn. Bertha mọ̀ pé bí wọ́n bá dúró dìgbà yẹn, owó yóò tán kí mọ́tò tó tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha, tó ti di ẹni ọdún 39, jí ní ìdájí láìsọ fún ọkọ rẹ̀. Ó mú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì dání, Eugen tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 àti Richard tó jẹ́ ọmọ ọdún 13. Wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò náà jáde, wọ́n sì kọrí sí Pforzheim níbi tí ìyá rẹ̀ wà. Ọ̀nà náà lé ní 100 kìlómítà. Kò sí títì ọ̀dà, kò sí ilé epo, kò sí mẹkáníìkì kan ní gbogbo ayé tó ń gba mọ́tò oníbàárà ṣe. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n gbà, mọ́tò náà kò sì lè sáré ju nǹkan bíi 16 kìlómítà lọ ní wákàtí kan.

Epo ló kọ́kọ́ di wàhálà. Ohun tí mọ́tò náà ń mu ni epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ligroin, tí àwọn ènìyàn máa ń fi yọ àbàwọ́n lára aṣọ. Ọ̀dọ̀ àwọn apòògùn ni wọ́n ti ń tà á. Nígbà tí wọ́n dé ìlú Wiesloch, Bertha yà sí ṣọ́ọ̀bù apòògùn ìlú náà, ó sì ra epo níbẹ̀. Títí dòní ni wọ́n ń pe ṣọ́ọ̀bù náà ní ilé epo àkọ́kọ́ láyé.

Omi ni ìkejì. Kò sí rédíétọ̀ bíi tòde òní lára mọ́tò náà. Omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára máa ń hó, a sì máa fẹ́ lọ sójú ọ̀run, nítorí náà wọ́n ní láti máa bu omi sí i ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti rí i. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé wọn kò dúró kí omi tán pátápátá kí wọ́n tó wá òmíràn. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tó jóná lójú títì wa lónìí, omi ló pa wọ́n. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru hàn ti lọ sókè, awakọ̀ rí i, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ délé. Ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀, kí ó dúró, kí ó pa iná mọ́tò, kí ó sì jẹ́ kí ó tutù dáadáa kí ó tó fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀, nítorí omi gbígbóná tó wà nínú rẹ̀ lè bó ènìyàn lójú.

Nígbà tó ṣe, ẹ́ńjìnì kú. Bertha kò bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnì kò lè jó láìjẹ́ pé epo dé ibẹ̀, kí iná sì ta sí epo náà. Ó wo ọ̀nà epo, ó rí i pé ìdọ̀tí ti dí páìpù. Ó yọ abẹ́rẹ́ gígùn tó fi de fìlà mọ́ irun orí rẹ̀, ó fi gún páìpù náà, ọ̀nà sì là. Lákòókò mìíràn, iná ló ní àbùkù: wáyà tó ń gbé iná lọ ti bó, iná sì ń jò sára irin. Okùn tó fi ń de ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ló bọ́, tó fi wé wáyà náà, iná sì padà sójú ọ̀nà rẹ̀. Ìbéèrè méjì yìí kan náà ni mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ máa ń bi mọ́tò oní-bẹntiróòlù tó kọ̀ láti jí lónìí. Ṣé epo ń dé ibẹ̀? Ṣé plọ́ọ̀gì ń ta iná? Ẹni tí kò bá bi í, tó kàn ń pàrọ̀ ohun tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, owó oníbàárà ló fi ń kọ́ṣẹ́.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tó ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ṣéènì tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fẹ̀, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ní ìlú Bruchsal ló gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nítòsí Pforzheim, igi tí wọ́n fi ṣe bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tán. Bertha wá aránbàtà kan ní abúlé Bauschlott, ó ní kí ó kan awọ mọ́ ojú igi bíréèkì náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò fi awọ bo bíréèkì mọ́tò nìyẹn, ìdí kan náà ni gbogbo mọ́tò òde òní sì fi ní ohun tó ń bo ojú bíréèkì wọn, tí a ń pàrọ̀ nígbà tó bá jẹ tán. Bí bíréèkì bá ń pariwo nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, ó ń bẹ̀ wá ni.

Gbígun òkè tún jẹ́ ìṣòro mìíràn. Agbára ẹ́ńjìnì náà kéré, jíà rẹ̀ kò sì lọ sílẹ̀ tó fún òkè gíga. Wọn a sọ̀kalẹ̀, wọn a máa ti mọ́tò lẹ́yìn. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó wọ Pforzheim, eruku bò wọ́n, ó sì ti rẹ̀ wọ́n. Bertha tẹ wáyà sí ọkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà pé àwọn ti dé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n tún gbé mọ́tò náà padà sí Mannheim. Karl fúnra rẹ̀ sọ ìtàn ìrìn àjò yìí nínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1925.

Ibi tí ọpọlọ Bertha ti yàtọ̀ jù ni ohun tó ṣe nígbà tó padà délé. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀ pé mọ́tò náà kò dára, kò sì sọ pé gbogbo rẹ̀ dára. Ó sọ ibi tí páìpù ti dí, ibi tí wáyà ti bó, bí bíréèkì ṣe jẹ, àti òkè tí mọ́tò kò lè gùn. Karl gbọ́ ọ yé, ó sì fi jíà kékeré kan kún un kí ó lè máa gun òkè. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1888 yẹn kan náà, wọ́n gbé mọ́tò lọ síbi ìpàtẹ ẹ̀rọ ní ìlú Munich, wọ́n sì fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ wúrà. Émile Roger, tó ti ń bá wọn ta ẹ́ńjìnì ní Paris, bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ta mọ́tò nílẹ̀ Faransé. Nígbà tó di 1894, wọ́n gbé mọ́tò kékeré kan tí wọ́n pè ní Velo jáde, tó tà ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Lọ́dún 1899 nìkan, mọ́tò 572 ni ilé iṣẹ́ náà tà, kò sì sí ilé iṣẹ́ mọ́tò kankan láyé tó tóbi tó o nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi èyí wé bí àwa náà ṣe ń ṣe. Mọ́tò tòde òní ní kọ̀ǹpútà nínú, ilé iṣẹ́ tó tà á sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ohun tó wà lọ́kàn kọ̀ǹpútà náà. Síbẹ̀, ẹ̀rọ yẹn kò lè mọ ohun tí etí awakọ̀ gbọ́ lójú títì. Ẹni tó bá débẹ̀ tó kàn ní mọ́tò òun ń dún, wọn yóò fi ìfòyebánilò tún un ṣe, yóò sì sanwó rẹ̀. Ẹni tó bá ní ó ń dún lápá òsì níwájú, nígbà tí òun bá yí ọwọ́ sí ọ̀tún, tí mọ́tò bá ti gbóná, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún wọn. Ó dára kí a kọ àmì àìsàn náà sínú ìwé, kí a fún wọn ní ẹ̀dà kan, kí a pa ọ̀kan mọ́. Ó dára kí a béèrè iye tí yóò jẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a ní kí wọ́n fi èyí tó bàjẹ́ tí wọ́n yọ hàn wá, kí a gba rìsíìtì, kí a sì bá wọn gbé mọ́tò náà jáde wò kí a tó máa lọ. Bí wọ́n bá kọ etí ikún sí wa lẹ́yìn gbogbo èyí, òfin tí Nàìjíríà fi dá àjọ FCCPC sílẹ̀ wà fún oníbàárà tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ìwé tí a ti pa mọ́ yẹn ni ẹlẹ́rìí wa.

Ayé Bertha kò dúró síbì kan. Lọ́dún 1903, Karl fi ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀ nítorí aáwọ̀. Ìdílé náà kó lọ sí ìlú Ladenburg, níbi tí Karl àti Eugen ọmọ rẹ̀ ti dá ilé iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ lọ́dún 1906. Lọ́dún 1926, ilé iṣẹ́ Benz àti ti Daimler para pọ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí orúkọ Mercedes àti Benz di ọ̀kan. Karl kú lóṣù kẹrin ọdún 1929. Bertha lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i láyé lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó pé ọdún 95, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1944, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Karlsruhe, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti kàwé, fi oyè ìdánilọ́lá dá a lọ́lá. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó jáde láyé ní Ladenburg.

Ìyìn tó tọ́ sí i pẹ́ kó tó dé. Ní Amẹ́ríkà, ilé ìrántí àwọn akọni iṣẹ́ mọ́tò gba Karl wọlé lọ́dún 1984. Ó di ọdún 2016 kí wọ́n tó gba Bertha. Ní Jámánì, ọdún 2008 ni wọ́n fọwọ́ sí ọ̀nà tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ gbà gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìrántí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Karl ló ṣe mọ́tò. Bertha ló fi han ayé pé mọ́tò lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kí wọ́n tún un ṣe, kí ó sì dé ibi tó ń lọ. Ìgbà tí àwọn oníbàárà rí èyí ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó wọn ra mọ́tò.